Lábẹ́ Òrùlé Eérú

Ẹni tó bá gba owó ìwádìí ìjọba ni yóò dúró lábẹ́ òrùlé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ dà, nígbà tí wọ́n bá ń yọ igi tó gbé e ró. Òfin ni. Láàárọ̀ yìí, ó kàn mí. Láyé tí à ń fi ṣíbí wọn sìmẹ́ńtì yìí, eérú èèpo ìrẹsì ni mo fi rọ́pò rẹ̀ nínú kọnkéré òrùlé ilé ìgbẹ̀bí wa.

Mo wọlé lọ dúró. Màmá Àgbà bá gbé àpótí rẹ̀ wọlé, ó jókòó tì mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jáde. Èmi nìkan ni òfin dárúkọ."

"Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó èèpo tí eérú rẹ̀ fi ń funfun?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Fi mí sílẹ̀ nígbà náà."

Màmá mi, tó kọ́ mi níwèé nídìí iná yẹn, tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń fún wa ní èèpo náà ya wọlé títí ibẹ̀ fi kún.

Làmídì, olórí bíríkìlà, mirí. "Tó bá wó, ta ló máa sin gbogbo yín?"

"Ìwọ kúkú wà níta," Màmá Àgbà fèsì. "Yọ igi rẹ."

Nígbà tó fi okùn fa igi tó kẹ́yìn yọ láti ìta, a gbójú sókè. Òrùlé ò mira, kò sì lanu.

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Dìde, ọmọ mi," Màmá Àgbà wí, ó ń fi etí ìborùn nu ojú mi. "Aboyún ti ń dúró níta."