Ẹ̀gbọ́n Kò Fẹ́ Kúrò Lórí Wasáàpù

Lọ́sàn-án Sátidé, Ẹgbẹ́ Ṣe-É-Kí-N-Rí-I pàdé l'Ọ́fà, nínú ṣọ́ọ̀bù Abdulganiyu tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n fẹ́ fẹnu kò lórí ibi tí wọn yóò máa ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ kéékèèké ni wọ́n ń ṣe: èyí tó ń bomi rin oko fúnra rẹ̀, èyí tó ń bá adìẹ sàba lé ẹyin. Wọn kì í fi àwòrán iṣẹ́ wọn pamọ́. Ẹni tó bá wù á mú un, á tún un ṣe, á sì dá a padà sáàárín kí ẹlòmíràn náà lè rí i lò.

Wasáàpù ni wọ́n ti ń ṣe é látọjọ́ yìí, ó sì ti sú wọn.

"Àwòrán bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ adìẹ tí mo fi ránṣẹ́ lánàá dà?" Evelyn, olùkọ́ ní pólì, ló béèrè. "Ó ti wà lábẹ́ 'Ẹ kú Jímọ́ọ̀ o.' Oníjìbìtì wọlé, olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí wọlé. Ṣé ẹgbẹ́ la wá ń ṣe ni, àbí gáréèjì?"

"Ẹ má fi olóògùn yẹn ṣeré o," Abdulganiyu dáhùn. "Oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọláyẹmí, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní pólì, kò rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tó kọjá, nǹkan kì í pa á lẹ́rìn-ín mọ́, kì í sì í bí i nínú. Òun gan-an ló bá Evelyn kọ́ ìkànnì tuntun tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Níbẹ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ìbéèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn sì ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá lè kó lọ síbẹ̀, àwọn yóò gbé ẹ̀rọ tí ń gé bọ́ọ̀dù wá fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: nítorí àwọn oníjìbìtì, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ han kámẹ́rà, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ.

Bí Evelyn ṣe ní kí wọ́n nawọ́ báyìí, fóònù gbogbo wọn dún. Orúkọ Ṣẹ́gunfúnmi, ẹ̀gbọ́n Ọláyẹmí, ló jáde, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Láti Òjòkú ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti máa ń wá. Kì í wá sípàdé mọ́, kì í sì í fi ohùn ránṣẹ́.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kó lọ. Èmi ò lè ṣe ti kámẹ́rà yẹn o. Bí ẹ bá lọ, a jẹ́ pé ó dìgbà nìyẹn. Akọ̀wé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Abdulganiyu, ṣé omi ọyàn Asiata ti ń wá dáadáa? Kó máa mu ẹ̀kọ gbígbóná o."

Abdulganiyu, tí ìyàwó rẹ̀ Asiata ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tẹ èsì padà: "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń mu ún."

Evelyn dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," Evelyn wí. "Bọ̀ọ̀dá Yẹmí, ẹ dé Òjòkú ná."

"Kí n dé ibẹ̀ kí n sọ kí ni?"

"Ẹ ṣáà lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ. Ìrètíọlá, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, fóònù wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ju Ọláyẹmí lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí i.

"Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n yín ò fẹ́ kámẹ́rà yẹn."

"Mo rí i."

"Wọn ò bínú o. Ó kàn jẹ́ pé ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀."

Ọláyẹmí gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fa koríko tó hù síbẹ̀ tu, ó dúró díẹ̀, ó sì padà wá fọwọ́. Ìrètíọlá ní ó kú iṣẹ́, ó gbé ẹ̀bà fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, kò mọ adùn rẹ̀.

Bó ṣe sọ̀ lórí ọ̀kadà l'Ọ́fà ni fóònù rẹ̀ dún. Orúkọ Ẹ̀gbọ́n ni.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ ti délé?"

"Mo ti délé, Ẹ̀gbọ́n," ló tẹ̀ padà.

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, Evelyn ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kó lọ nawọ́. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Evelyn pàápàá ká ọwọ́ rẹ̀ jọ sáyà.

"Ẹ̀rọ Ìbàdàn wá ńkọ́?" ó béèrè.

"Kí wọ́n máa lò ó n'Íbàdàn," Abdulganiyu dáhùn.

Ọláyẹmí pa kọ̀ǹpútà dé. Kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé, "Ẹ̀gbọ́n, a ò lọ mọ́." Kò pẹ́ rárá tí èsì fi dé: "Háà, ẹ ṣeun o! Ojú ò ní tì yín. Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà mi."

Gbogbo ọwọ́ tí kò nà sókè lọ́jọ́ yẹn ló ti bu erùpẹ̀ sí sàréè Ṣẹ́gunfúnmi ní ẹ̀yìnkùlé Òjòkú lọ́dún tó kọjá. Yẹmí lásán ni Ẹ̀gbọ́n sì ń pe àbúrò rẹ̀ títí tó fi kú, Ìrètíọlá, ìyàwó ilé tí kò gbọdọ̀ pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nìkan ló ń pè é ní Akọ̀wé.