Okùn Inú Àwòrán

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún Paraska. Danylo ọkọ rẹ̀ ti fi igi ìdáná fọ́ ìka ọwọ́ òsì, torí ó bá a nídìí àwòrán yíyà lásìkò tó yẹ kó máa fún wàrà màlúù. Ó sì búra pé bí obìnrin náà bá tún bí òun nínú, ọwọ́ ọ̀tún ló kàn. Ìkà ni Danylo, ká má parọ́. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ fún wàrà ní abà, á ṣépè lọ, á ṣépè bọ̀. Ní ti Paraska, bí ọwọ́ ọ̀tún bá lọ, àwòrán lọ nìyẹn, kò sì ní ohun mìíràn láyé.

Nígbà tí òtútù wọlé, Danylo ní kó lọ ta okùn. Kò sí ilé tí wọn kì í ta á ní pápá Saskatchewan ní Kánádà, láti ẹnu ọ̀nà dé abà, torí bí ìjì yìnyín bá dé, èèyàn ò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá dára, kò sẹ́ni tó ń wo okùn náà. Paraska ta á, ó fi eyín ran ọwọ́ kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó sójú fèrèsé, ó ya àgbàlá wọn, àti pápá tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ.

Danylo fẹ́ gbé àwòrán náà kọ́ sí gbọ̀ngàn ìjọ, kí ayé lè mọ̀ pé òun là. Ó wọlé tòun tọtí lójú.

"Kí lèyí? Abà mi ló ń jò báyìí? Okùn wo ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà lọ sídìí pápá? Màlúù mi ló wá rù bí igi yìí? Ojú ẹ fọ́ ni?"

"Ohun tí mo rí ni mo yà. Ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ wò ó."

Ìgbátí ló fi dá a lóhùn. "Èmi Danylo! Kí n yọjú lójú fèrèsé kí n tó mọ ilé mi?"

Ó fi irun wọ́ ọ nílẹ̀, ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ àwòrán títí ọ̀dà tútù fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé tábìlì, ó na ọwọ́ sí igi ìdáná.

"Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ dákun! Màá tún un ṣe. Bí ẹ ṣe fẹ́ ló máa rí."

Ó dúró tì í. Paraska dí ihò orí abà, ó mú màlúù sanra, ó fa okùn dé ẹnu ilẹ̀kùn abà. Ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ kán sórí yìnyín inú àwòrán, ó fi ọ̀dà funfun bò ó.

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n," ni Danylo wí. "Ṣé o rí i pé o gbọ́n?" Ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, ìjì dé. Àwọn màlúù ń ké. Danylo gbé ọtí mì, ó mú korobá.

"Kí ọbẹ̀ ti gbóná kí n tó dé o. O mọ ọwọ́ tó kàn."

Ó di okùn mú, funfun bò ó. Paraska gbé ọbẹ̀ kábéèjì kaná. Nígbà tó yá, ó dà bíi pé ẹnìkan ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ki igi sínú iná.

Nígbà tí ojú ọjọ́ là, Baba Metro aládùúgbò wọn ló hú Danylo jáde nínú yìnyín, nínú pápá lọ́hùn-ún. Èékánná rẹ̀ ti ṣí tán, ó ti fi wa ilẹ̀ dídì. Bàbá náà ṣí fìlà wọlé.

"Paraska, ọmọ mi, ó mà ṣe o. Okùn wà níbẹ̀ gbọingbọin, ó so mọ́ ilẹ̀kùn abà. Ọtí ló ní kó jáwọ́ níbẹ̀." Ó gbójú sókè, ó fi ìka tọ okùn inú àwòrán. "Wò ó, òun náà rèé."

Paraska sunkún, ẹkún gidi sì ni.

Kó tó lọ ké sí bàbá náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti kọ́kọ́ lọ sídìí pápá, ó tú okùn kúrò lára òpó tí òun fúnra rẹ̀ so ó mọ́, ó sì fi ọwọ́ kan àti eyín so ó mọ́ ilẹ̀kùn abà, kí àgbàlá lè rí bí Danylo ṣe ní kí àwòrán rí.