Kíndìnrín Tanímọ̀la

Láràárọ̀, Tanímọ̀la ajá mi á lọ tọ̀ sídìí òpó ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtọ̀ ajá wò lẹ́yìnkùlé, òpó á sì sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé: "Kíndìnrín ajá yìí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ dín ẹran rẹ̀ kù."

Mo gba oúnjẹ gbígbẹ rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ẹran, mo ń fún un ní ẹ̀kọ. Kí oúnjẹ náà má bàa ṣòfò, èmi ni mo ń fi í mu gàrí. Bí mo ṣe ń rún un, Tanímọ̀la ń wò mí bí ẹni ń wo olè.

Ìyàwó mi ránṣẹ́ pe Dókítà Mojírayọ̀, tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ó yẹ ajá wò.

"Bàbá, ebi nìkan ló ń ṣe é. Ta ló tún ń tọ̀ sídìí òpó yìí?"

Èmi ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ló wà nínú ilé mi, ṣùgbọ́n ìdí òpó ló mọ́ mi lára.

Ajá gba oúnjẹ rẹ̀ padà, ẹ̀kọ sì di tèmi. Lánàá, mo tún lọ sídìí òpó, torí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ni. Ó ní: "Kíndìnrín ti ń sàn. Ajá gidi ni. Ẹ fọwọ́ pa á lórí."

Ìyàwó mi jáde wá láti ilé ìdáná, ó sì fọwọ́ pa mí lórí.