Ibi Tí A Ti Ń Dánu Dúró

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má tíì yọ tírélà yín kúrò lórí ìlà. Ehn... ó ti rẹ àwa náà, ṣé ẹ rí i?"

Bàbá náà mí kanlẹ̀ lórí fóònù. "Torí ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ni mo ṣe gbà."

Obìnrin ejẹ́ńtì tó ń gba ẹrù jáde ní Àpápá gbé fóònù sílẹ̀, ó gbórí lé tábìlì. Ẹ̀rínọlá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ Ìgbò. O ṣì máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ o, àmọ́ ibi tí àwa ti ń dánu dúró nìwọ náà ti ń dánu dúró. Ohun tó ń tàn wọ́n jẹ nìyẹn."

"Ajégúnlẹ̀ ló kọ́ mi."

Fóònù tún dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti abúlé. Ejẹ́ńtì náà bọ́ sí èdè Ìgbò, ó béèrè bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe ìyá. Ó dánu dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní "ehn", ó tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ìyá rọra dá a lóhùn bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, màdáámù. Ẹ gbọ́ èdè wa gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ mi ní fóònù rẹ̀."