Ọmọ Tó Dáná Sun Aṣọ Ìyá Rẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi í ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín di opó.

1. Awakọ̀ tírélà ni. Ṣọ́jà ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì, torí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lu èèyàn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò jẹun mọ́, kò wẹ̀, ó kàn ń kọjú sógiri látàárọ̀ dalẹ́ ni.

Àbúrò Ṣọ́jà obìnrin ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ara Bàbá ò yá. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn."

Ṣọ́jà gbaná jẹ. "Kí aráyé wá máa pè mí lọ́mọ wèrè? Ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n!"

2. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ṣọ́jà fẹsẹ̀ gbá ìlẹ̀kùn wọlé, ó wọ́ arúgbó náà lẹ́sẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí Bàbá lu ilẹ̀ gbàù, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Kò pariwo. Jẹ́jẹ́ ló sọ pé, "O ò bá kúkú pa mí, kí n lè lọ bá ìyá rẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò tó ká èèyàn lọ́wọ́ kò? Kò ká Ṣọ́jà lọ́wọ́ kò o. Ó ní aṣọ ìyá àwọn tí Bàbá ń dì mọ́ra sùn ló fa gbogbo rẹ̀.

3. Ó kó aṣọ náà lé orí igi ìdáná lẹ́yìnkùlé, ó da bẹntiróòlù lé e, ó ṣáná sí i. Bàbá tí kò lè dìde bu omi mu tẹ́lẹ̀, eré ló bá jáde, ó kó sínú iná! Ṣọ́jà fà á, Bàbá ò gbà. Bàbá fa igi tó ń jó yọ, ó là á mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú. Ó tún là á. Nígbà tí àwọn ará ilé fi máa dé, aṣọ ti jó mọ́ Bàbá lọ́wọ́, Ṣọ́jà sì ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa.

4. Ojú ọ̀tún Ṣọ́jà fọ́, iṣẹ́ awakọ̀ bọ́. Wọ́n gé lára ìka Bàbá. Dókítà tó yẹ Bàbá wò ní, "Ìbànújẹ́ tó di àìsàn ni. Ó ní ìtọ́jú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Bàbá ti ń jẹun báyìí, ó ń lo oògùn. Nígbà tí Ṣọ́jà dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Bàbá ní:

"Mo ti dárí jì ẹ́. Àmọ́ inú aṣọ yẹn nìkan ni òórùn ìyá rẹ ṣẹ́ kù sí."

Ẹ jọ̀ọ́, tí opó bá ń sá fún oúnjẹ àti èèyàn, ẹ má pè é lọ́lẹ. Tó bá ní ikú ló wu òun, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ fún ìtọ́jú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.