Àwọn Tí Àìsàn Inú Pa Nílé Wa

Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ Dùnmínínú, ọmọ-ọmọ mi, jáde.

A wà níwájú dókítà tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ìfun l'Ádó. Adésọjí ọmọ mi, bàbá Dùnmínínú, jókòó jìnnà sí mi. Bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn.

"Ta ni irú àìsàn yìí ti pa nílé yín rí?"

Èmi ni mo dáhùn.

"Ọkọ mi ni. Inú rẹ̀ wú, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Akínyẹlé, àkọ́bí wa, bẹ́ẹ̀ náà. Morádéyọ̀ àbúrò rẹ̀ ló kú tẹ̀lé e."

"Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ọkọ yín, Màmá. A ó yẹ ọmọ yìí àti bàbá rẹ̀ wò. Bí a bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe rántí gbogbo rẹ̀ báyìí?"

"Dókítà, bí a bá ti sin ẹnì kan tán, àwọn ẹbí á ní àjẹ́ ni mí, kí n wá jẹ́wọ́ bí mo ṣe pa á látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Adésọjí yìí ló máa ń bi mí."