Ọ̀rọ̀ Méjì Lórí Fọ́ọ̀mù

Ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú, Bàbá Fáṣínà pe Owólabí lórí fóònù, ẹ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ ní Raji Rasaki Estate. Ó ní òun gbọ́ ìró gíláàsì tó fọ́ nínú ilé tó kọjú sí tòun.

Owólabí sáré débẹ̀. Wíńdò ilé ìdáná ti fọ́. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí obìnrin kan tó ṣí i díẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé àwọn tó fọ́ wíńdò ti lọ?”

“Wọ́n ti lọ. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá?”

“Èmi nìkan ni, mà.”

Obìnrin náà jẹ́ kó wọ pálọ̀. Aṣọ àti ìwé fọ́n ká ilẹ̀. Owólabí jókòó, ó yọ fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ onílé jáde. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ láti mú ọ̀kan: “burglary” tàbí “robbery”.

“Èwo ni kí n mú, mà?”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?”

“Rárá, mà. Olè ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kàn fọ́lé kí wọ́n lè jí nǹkan, burglary nìyẹn. Tí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ èèyàn, tí wọ́n fipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, robbery ni.”

Obìnrin náà nu òógùn ojú. “Èwo ni ọlọ́pàá máa ń tètè wá sí?”

“Robbery. Ojú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ pè wọ́n. Burglary lè di ọ̀la.”

Nǹkan ró gbì nínú yàrá. Owólabí dìde.

“Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.”

Obìnrin náà di apá rẹ̀ mú. “Afẹ́fẹ́ ló ti ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Ó jókòó. “Ṣé wọ́n bá ẹnikẹ́ni nílé, mà?”

“Rárá. Èmi náà ò tíì pẹ́ tí mo dé.”

Owólabí mú burglary. Nígbà tó béèrè orúkọ, obìnrin náà kọ́kọ́ wo ìwé kan nílẹ̀ kó tó ní Ẹ̀bùnlọlá. Owólabí káàánú rẹ̀. Ó ní òun lè ní kí Bàbá Fáṣínà wá jókòó tì í.

“Ẹ má ṣèyọnu. Mo fẹ́ sinmi ni.”

“Ẹ ti ilẹ̀kùn dáadáa, mà.”

Obìnrin náà tì í, ó dúró títí kò fi gbúròó ẹsẹ̀ Owólabí mọ́, lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó sọ fún ọkùnrin tó fọwọ́ di Ẹ̀bùnlọlá onílé lẹ́nu pé ẹ̀ṣọ́ ti lọ.